Ayẹta Kì í Ṣe Òkígbẹ́

Ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999 ló yẹ kí òṣùpá fi ayé sílẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe eré Space: 1999 ló dá ọjọ́ náà, Gerry Anderson àti Sylvia ìyàwó rẹ̀, nílùú Ọba. Eré náà jáde ní 1975. Wọ́n ní pàǹtírí átọ́míìkì tí aráyé kó lọ dà sí ẹ̀yìn òṣùpá ló bú gbàù, tó ti òṣùpá kúrò nípò rẹ̀, tòun ti àwọn èèyàn 311 tó ń gbé ibùdó Alpha lórí rẹ̀. NTA gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa ọmọdé Òkèṣà ní Adó-Èkìtì ò mọ ohun tó ń jẹ́ átọ́míìkì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ Koenig, ọ̀gá Alpha, nínú wa.

Ọjọ́ náà pé. Ọjọ́ Ajé ni. Òṣùpá ọjọ́ mẹ́rin ló wà lójú ọ̀run, tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ọ̀túnba Níyì Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn, ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ nípò gómìnà. GSM ò tíì dé Nàìjíríà, ó di 2001. Ẹni tó bá fẹ́ bá ará Èkó sọ̀rọ̀ láti Adó, àfi kó wá ilé tí wáyà tẹlifóònù wọ̀, tàbí kó lọ tò sí ọ́fíìsì, tàbí kó kọ lẹ́tà kó fi rán awakọ̀. 1999 tiwa nìyẹn. Mo rántí eré náà lọ́jọ́ yẹn, ó sì ṣe mí bákan pé ọjọ́ ńlá tá a ti ń retí láti kékeré kọjá lọ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ni mo tún wo díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí YouTube. Ohun tí mi ò rí lọ́mọdé ni mò ń rí. Bí wọ́n bá bi kọ̀ǹpútà ńlá Alpha léèrè ọ̀rọ̀, ìwé pélébé ló ń tẹ̀ jáde, òṣìṣẹ́ kan á fà á já, á kà á sí ọ̀gá létí. Bẹ́ẹ̀, ohun èlò kékeré kan wà níbàdí gbogbo wọn, tó ń ṣílẹ̀kùn, tó tún ń fi ojú ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ hàn. Àwọn tó lè rán ojú èèyàn sínú nǹkan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí ló dé tí wọn ò lè rán ìdáhùn kọ̀ǹpútà síbẹ̀? Òṣùpá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Iná tó bá lè tì í kúrò nípò, ó yẹ kó fọ́ ọ túútúú ni. Ká tiẹ̀ ní kò fọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni yóò lò lójú ọ̀nà kó tó kan ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù lọ. Tiwọn ń kan ayé tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Isaac Asimov, tó jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó tún jẹ́ àgbà nínú kíkọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, bá wọn wí lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún tí eré náà jáde. Ọkọ̀ òfurufú wọn tí wọ́n ń pè ní Eagle náà ń já lulẹ̀ léraléra, wọn ò sì tán.

Àwa ò béèrè nǹkan kan nígbà náà. Kí la fẹ́ fi béèrè? Kò sẹ́ni tó mọ iye ibùsọ̀ tó wà láàárín ìràwọ̀ méjì ní gbogbo àdúgbò wa, àfi bóyá olùkọ́ tó ni tẹlifíṣọ̀n, òun náà ò sì sọ. Ohunkóhun tí Koenig bá ti ṣe, ó tọ́ lójú wa.

Ṣùgbọ́n alẹ́ mìíràn wà tí ìbéèrè ń pọ̀ ju eré lọ.

Inú pálọ̀ olùkọ́ yẹn náà ni. Àwọn àgbà á jókòó sórí àga, àwọn ìyá á wà lórí ẹní, àwa ọmọdé á kún ojú fèrèsé níta, ẹni gíga lẹ́yìn, ẹni kúkúrú níwájú. Bàbá ọdẹ kan wà ládùúgbò tí kì í jókòó sórí àga onílé. Àpótí tirẹ̀ ló máa ń gbé wá, á gbé e ka iwájú tẹlifíṣọ̀n gan-an, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ní kó sún. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ òṣèré kan tí orúkọ rẹ̀ ti bọ́ lọ́kàn mi ń ṣeré. Ọkùnrin kan na apá, ó fi òkígbẹ́ tó so mọ́ ọn han ọ̀tá. Ọ̀tá yọ ṣakabùlà, ó yìn ín. Èéfín bo ojú ibẹ̀. Nígbà tí èéfín ká, ọkùnrin náà dúró gbọn-in, ó ń rẹ́rìn-ín. A pariwo ayọ̀ lójú fèrèsé. Bàbá ọdẹ dìde.

Ó ní, “Irọ́ ni! Òkígbẹ́ ló wà lápá ẹ yẹn. Àdá àti ọ̀bẹ ni òkígbẹ́ ń dá dúró. Ìbọn ni wọ́n yìn sí i. Ayẹta ẹ̀ dà?”

Olùkọ́ tó nilé, ọmọ ìjọ Áńgílíkà pọ́ńbélé, kátíkíìsì pàápàá, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá kan lórí ẹní ní bóyá ọkùnrin náà wọ ayẹta sábẹ́ aṣọ. Bàbá ní kí wọ́n fi hàn wá nígbà náà, kí kinní náà má dà bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ogun. Wọ́n jiyàn lé e lórí títí eré fi parí. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ayẹta kì í ṣe òkígbẹ́, pé egbé tó ń gbé èèyàn sá ní wàhálà kì í ṣe kánàkò tó ń ká ọ̀nà kúrú fún ẹni tó ń rìn, pé ẹni tó lo àféèrí kò kúrò níbi tó wà, ojú ni kò rí i.

Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kátíkíìsì yẹn ṣeré o. Kò gbà pé oògùn ń jẹ́. Ọjọ́ ìsinmi kò lè kọjá kó má lọ sí ìjọ Emmanuel tó wà ní Òkèṣà níbẹ̀. Síbẹ̀ ó mọ òfin oògùn, bí ẹni tí kì í ta ayò ṣe lè mọ̀ pé wọ́n rẹ́ ẹnì kan jẹ nídìí ọpọ́n. Ohun tí mo rí di mú nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ sọ: ìtàn tó bá ní agbára ìyanu nínú, ìbáà ṣe ti kọ̀ǹpútà ìbáà ṣe ti ìgbàdí, kò di dandan kí olùwòran gbà á gbọ́. Ó di dandan kí olùwòran mọ òfin rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, òǹkọ̀wé ò ní lè ṣe bó ti wù ú.

Bàbá ọdẹ kì í dìde bí eré Jímọ̀ Àlíù bá ń lọ. Ìgbà Arelu, ìgbà Yanponyanrin, ó máa ń jókòó jẹ́jẹ́ ni, á máa mi ẹsẹ̀. Mo ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì ni Jímọ̀ Àlíù tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àwòrò. Wọ́n bí i ní 1939, babaláwo ni bàbá tó bí i. Ó tẹ̀ lé ẹgbẹ́ òṣèré Akin Ògúngbè ní 1959, ó wọṣẹ́ ológun ní 1967, ó sì fi í sílẹ̀ ní 1975 kó lè gbájú mọ́ eré. Ẹ ronú sí i: ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nídìí Ifá, tó tún gbé ìbọn ìjọba kọ́ èjìká ní ọdún ogun abẹ́lé. Ó mọ ìbọn, ó mọ ayẹta. Ta ni yóò dìde sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín ìjókòó?

Kámẹ́rà ìgbà náà ò lè ṣe púpọ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ pòórá, wọ́n á dá kámẹ́rà dúró, òṣèré á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á tún máa yà á lọ. Bí ojú rẹ bá mú, o máa rí i pé òjìji igi ti sún díẹ̀. Nítorí náà, ẹnu ni wọ́n fi ń gbé agbára jáde. Bí Fádèyí Olóró, òṣèré inú àwọn eré yẹn, bá dojú kọ èèyàn, o máa gbọ́ ohun tó ń pè kó tó ṣẹlẹ̀: ewé wo, ẹranko wo, kí ni ìwà ẹranko náà, kí ló dé tí ìwà yẹn fi gbọ́dọ̀ di ti ọ̀tá. Ọ̀tá náà á fi tirẹ̀ dá a lóhùn. Ó ń gba àsìkò. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá tán, tàbí tó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ó ti kú nìyẹn. O mọ ibi tí agbára ti ń wá, o mọ ibi tó lè gbà lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà ọ́ fún Òrìṣàbùnmi, òṣèré obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bó bá wà nínú ewu. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù fún ẹni tí ohunkóhun ò lè ṣe.

Ará Amẹ́ríkà ní bàbá ọdẹ tiwọn. Nígbà tí Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n wọn, bẹ̀rẹ̀ ní 1966, owó tí wọn ì bá fi máa ya àwòrán ọkọ̀ ńlá tó ń balẹ̀ sí ayé kan sí òmíràn pọ̀ jù fún wọn, ni wọ́n bá dá ẹ̀rọ kan sílẹ̀ tó ń yọ́ èèyàn nínú ọkọ̀, tó ń kó o jọ nísàlẹ̀. Egbé ni, kò sí orúkọ mìíràn tí ọmọ Yorùbá máa pè é. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó dá ìṣòro sílẹ̀: ẹni tó lè gba ibikíbi yọ ní ìṣẹ́jú àáyá, báwo ni ewu ṣe máa bá a? Ni ẹ̀rọ náà bá ń kọṣẹ́ lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá nílò rẹ̀ jù. Ìjì dí i, àpáta dí i, nǹkan kan jó. Ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e, ara rẹ̀ ti yá. Àmọ́ àwọn tó ń wò ó, ẹnjiníà àti akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì wà nínú wọn, wọn ò panu mọ́. Wọ́n ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń bi àwọn òǹkọ̀wé ní ìbéèrè kíkan. Nígbà tí eré náà máa padà wá ní 1987, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn tó ń ya ọkọ̀ náà kọ ìwé àlàyé gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé, wọ́n sì tà á fún aráyé ní 1991. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó yanjú ohun tí òfin físíìsì sọ pé kò ṣeé ṣe. Ìyẹn ò sọ ọ́ di òótọ́. Àmọ́ ó fi hàn pé wọ́n gbọ́ ohùn bàbá ọdẹ nínú pálọ̀.

1999 yẹn náà, tí òṣùpá ò lọ síbì kankan, ni Túndé Kèlání gbé Saworoidẹ jáde, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn rẹ̀. Mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé nínú gbogbo eré tí mo mọ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti to ẹ̀rọ agbára tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìlù wà, adé wà, ìmùlẹ̀ wà láàárín ọba àti ìlú, ìdílé onílù kan ṣoṣo ló sì lè lu ìlù náà. Ọba tó bá kọ ìmùlẹ̀ tó wá dé adé, bí ìlù bá dún sí i, orí ló máa fọ́ ọ pa. Wọ́n sọ gbogbo èyí fún wa níbẹ̀rẹ̀. Lápitẹ́ kọ̀ láti mulẹ̀, Lágàtà ológun fi ìbọn gba adé tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Nígbà tí ìlù dún, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣàlàyé. Gbogbo wa ti mọ̀ pé ikú dé, à ń retí rẹ̀ ni. Owó kọ́ ló ṣe é, kámẹ́rà kọ́ sì ni.

Òde òní dé, gbogbo ohun tá a fojú sùn ti tó wa lọ́wọ́. Fóònù tó wà lápò oníàkàrà ní Ọjà Ọba ń ṣe ju ohun tó wà níbàdí Koenig lọ. Ẹ tún wo fíìmù Blade Runner tí wọ́n ṣe ní 1982, tí wọ́n ní ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní 2019: mọ́tò ń fò lókè ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tẹ èèyàn láago ní láti dúró nídìí tẹlifóònù tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, kó sanwó. 2019 dé Adó. Mọ́tò kankan ò fò, kódà ọ̀nà Ajílósùn ò fúyẹ́ fún èyí tó ń rìn nílẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé mi ń fi ojú bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tó ń retí èrò.

Ohun tí kò sí nínú eré wọn rárá ni bí ti àtijọ́ àti ti tuntun ṣe ń sùn lórí ẹní kan náà. Aṣọ kan náà ni gbogbo ará Alpha ń wọ̀, ilẹ̀kùn kan náà, iná tí kì í lọ. Ẹ lọ sí Ìwòròkò lẹ́bàá Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ẹ máa rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fa omi nínú kànga, tó so fóònù mọ́ etí, tí ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣàlàyé ìṣirò fún un. Tí iná ò bá sí, ṣọ́ọ̀bù agẹrun ló máa gbé fóònù náà lọ kó lè gba agbára. Èyí gan-an ni mo fi fẹ́ràn Iwájú, eré tí àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe ní 2024. Wọ́n fi mọ́tò tó ń fò àti aláǹgbá onírọ́bọ́ọ̀tì sí Èkó ọjọ́ iwájú, ṣùgbọ́n Island ló ń jẹ ẹ́, Mainland ń wò ó. Ẹni tó gbé Nàìjíríà rí ló lè mọ̀ pé bí ọjọ́ iwájú ṣe máa ń dé nìyẹn, lójúlé kan, kó tó kan èkejì. Òǹkọ̀wé Tade Thompson náà mọ̀ ọ́n nínú Rosewater, ìwé tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019.

Fíìmù oògùn wa ńkọ́? Mo jókòó ti ọmọ mi obìnrin láìpẹ́ yìí, a ń wo ọ̀kan lórí fóònù rẹ̀. Babaláwo kan gbé dígí kalẹ̀, ó pe orúkọ ẹnì kan tó wà ní London, ojú onítọ̀hún sì yọ kedere, tòun ti yàrá tó wà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, babaláwo yìí yọ fóònù, ó tẹ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láago, ó ní, “Níbo lẹ dé?” Mo ní kó dá a dúró. Mo ní kí ló ṣe dígí tí kò fi wo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó ní, “Dádì, fíìmù ni.”

Mi ò bá a wí. Ó sọ òótọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Nínú fíìmù yẹn kan náà, jagunjagun méjì na ọwọ́ síra wọn, iná pupa jáde lọ́wọ́ ọ̀kan, iná búlúù lọ́wọ́ ìkejì, èyí tó mọ́lẹ̀ jù ló borí. Kọ̀ǹpútà ló ya iná náà, ó sì rẹwà, kò sí ìgbà kan tí Àwòrò ní irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n oògùn wo ni? Kí ló wà nínú rẹ̀? Kí ni èèwọ̀ rẹ̀? Wọn ò pè é ní nǹkan kan. Ọfọ̀ ti kúrú, kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lọ, iná á sì yọ. Kì í ṣe gbogbo wọn náà ni o. Nínú Aníkúlápó Kúnlé Afọláyan ní 2022, inú àdó kékeré tó ti ọ̀dọ̀ ẹyẹ Àkàlà wá ni agbára jíjí òkú dìde wà, a sì mọ̀ láti ìgbà tí Saro ti mú un pé ohun tó wà nínú àdó lè bọ́ sọnù. Ibi tó dára dára.

Mo ti ń dá àwọn òṣèré lẹ́bi tẹ́lẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ti rò ó wò, mi ò rò pé ẹ̀bi wọn ni gbogbo rẹ̀. Inú pálọ̀ ló ti ṣófo. Bàbá ọdẹ ti kú tipẹ́. Kátíkíìsì ti lọ. Àwọn tó kù ní Òkèṣà tó lè ya ayẹta sọ́tọ̀ kúrò lára òkígbẹ́, ọjọ́ orí wọn ti ga, kò sì sẹ́ni tó ń gbé fóònù síwájú wọn pé kí wọ́n bá òun wò ó bóyá ó tọ́. Àwọn òṣèré náà ń lọ. Àwòrò kú ní Adó ní oṣù kẹsàn-án 2020. Òrìṣàbùnmi tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní 2021, Fádèyí Olóró ní 2023. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ mi, tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, mọ̀ dájú pé ètò kọ̀ǹpútà tí kò bá ní òfin kò lè ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé àwọn baba rẹ̀ ní irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú eré.

Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà láwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, ní EKSU, ní ABUAD, ní Pọ́lì Adó, tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fíìmù oògùn tàbí ti ọkọ̀ ojú sánmà: kẹ́ ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà yín, ẹ wá àgbà ọdẹ kan lọ ní Ìlawẹ̀ tàbí Ìgèdè, ẹ ní kó ka ohun tí agbára kọ̀ọ̀kan lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe fún yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ gbé e padà fún un kó wò ó. Bó bá dìde níwájú fóònù yín tó ní irọ́ ni, ẹ tún un yà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kásẹ́ẹ̀tì Arelu àti Yanponyanrin nílé, tó ń gbó lọ nínú àpótí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbé e jáde, kí wọ́n lè dà á sórí kọ̀ǹpútà kó tó bàjẹ́.